Orúkọ Yín ni Kọ́kọ́rọ́: Bí Ẹ̀rọ Ìgbàlódé Ṣe Ń Yí Ìtọ́jú Ìlera Padà

Odòmẹ́ta jẹ́ ọ̀kan nínú ìpín mẹ́fà tí ó wà ní kọ́múnù Kétu. Kò sí ìyá ọlọ́mọ kan níbẹ̀ tí kò mọ ìwé ìlera. Àwọn ìyá a máa wé e sínú ọ̀rá, wọn a sì fi í pamọ́ sí ibi tí wọ́n ń fi owó sí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Inú ìwé kékeré yẹn ni a kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí, àti ìwọ̀n rẹ̀, àti àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ti gbà.

Bí òjò bá pa ìwé náà ńkọ́? Bí eku bá jẹ ẹ́, tàbí bí iná bá jó o? Olùtọ́jú ìlera kò ní mọ ibi tí wọ́n bá ìtọ́jú ọmọ náà dé mọ́. Yóò di dandan kí ó bi ìyá léèrè. Ìyá yóò sì máa ronú: ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gún ọmọ yìí lábẹ́rẹ́ ni, àbí ẹ̀ẹ̀mẹta?

Ní òde òní, ẹ̀rọ ti ń bá ìwé ru ẹrù ìrántí yìí. Kọ̀ǹpútà, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ ilé ìwòsàn. Àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò ọjà Kétu lè béèrè pé, “Kí ni ó kàn mí nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà?” Ó kàn án gidigidi. Ẹ̀rọ kì í dá ènìyàn mọ̀ bí aládùúgbò ṣe ń dá aládùúgbò mọ̀. Ohun tí a bá fi sínú rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó lè ka orúkọ ara rẹ̀, tí ó sì lè sọ pé “Ẹ ti ṣì í kọ”, ni ẹ̀rọ yóò ṣe láǹfààní jù lọ.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀rọ ń ṣe

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń ṣe nínú ìtọ́jú ìlera. Ó ń rántí, ó ń ka iye, ó sì ń jíṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iye kíkà. Ní ilé ìwòsàn, olùtọ́jú a máa kọ orúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá. Ní ìparí oṣù, a ó ka iye ènìyàn tí ibà mú, iye obìnrin tí ó bímọ, àti iye oògùn tí ó kù nílẹ̀. Láyé àtijọ́, orí bébà ni àkọsílẹ̀ yìí ti ń rìn láti abúlé títí dé Kútọnu. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ, àrùn ti lè tàn ká.

Lónìí, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DHIS2. Orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó bí ètò náà, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá sílé níbẹ̀ ní 1994. Yunifásítì Oslo, ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, ni ó ń ṣe àmójútó rẹ̀ títí di òní. Ọ̀fẹ́ ni. Orílẹ̀-èdè tí ó ń lò ó ti lé ní 70.

Kétu, Pobẹ̀ àti Adja-Ouèrè wà nínú ẹkùn ìlera kan ṣoṣo. Odòmẹ́ta sì wà nínú ẹkùn náà pẹ̀lú. Bí a bá ti tẹ iye àwọn aláìsàn ẹkùn yìí sínú ẹ̀rọ, àwọn tí ó wà ní Kútọnu lè rí i láìdúró de ẹni tí yóò gbé bébà wá. Bí ibà bá pọ̀ ju bí ó ṣe máa ń pọ̀ lọ, wọ́n lè tètè mọ̀, kí wọ́n sì fi oògùn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí iye tí a kọ kò bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀rọ kò ní tún un ṣe. Yóò kàn tètè gbé àṣìṣe náà lọ ni.

Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́

Àwọn kan rò pé ohun tuntun ni kọ̀ǹpútà jẹ́ nínú ilé ìwòsàn, àti pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an, iṣẹ́ yìí ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ní ọdún 1989, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Kuopio ní orílẹ̀-èdè Finland fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni Abimbola Soriyan, tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti Mikko Korpela, tí ó jẹ́ ọmọ Finland. Wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan fún ilé ìwòsàn ńlá tí ó jẹ́ ti yunifásítì náà. MINPHIS ni wọ́n ń pè é. Ètò náà ń tọ́jú orúkọ aláìsàn, àìsàn tí ó gbé e wá, ọjọ́ tí a gbà á wọlé àti ọjọ́ tí ó padà sílé.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú iṣẹ́ àwọn ará Ifẹ̀ yìí. Kò tó kí a kàn ra kọ̀ǹpútà kí a sì gbé e kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì, dókítà àti akọ̀wé tí yóò máa lo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe é. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tí iṣẹ́ wọn ń fẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eruku yóò bo ẹ̀rọ náà lórí tábìlì.

Àwọ̀n ẹ̀fọn nígbà àrùn kòrónà

Kì í ṣe inú ilé ìwòsàn nìkan ni ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ fi ojú ara wa rí i ní ọdún 2020.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, àrùn kòrónà wọ orílẹ̀-èdè wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni àkókò ti tó láti pín àwọ̀n ẹ̀fọn fún gbogbo ìdílé. Ní àtẹ̀yìnwá, àwọn ènìyàn a máa péjọ síbì kan láti gba àwọ̀n. Ṣùgbọ́n ìpéjọpọ̀ ti di ewu. Ṣé kí a dá àwọ̀n pípín dúró ni? Ibà kò ní dúró de kòrónà.

Ìjọba pinnu pé kí a máa gbé àwọ̀n lọ bá àwọn ènìyàn nílé. Àwọn òṣìṣẹ́ mú fóònù dání. Wọ́n fi fóònù náà kọ orúkọ ìdílé sílẹ̀. Wọ́n fi kọ iye àwọ̀n tí ìdílé náà gbà pẹ̀lú. Láàárín nǹkan bí ogún ọjọ́, àwọ̀n tí ó sún mọ́ mílíọ̀nù 8 ni wọ́n pín káàkiri ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Irú fóònù iṣẹ́ báyìí lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí ìgbì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní rẹ́sò. Ó ń tọ́jú ohun tí a kọ sínú ara rẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá padà dé ibi tí ìgbì wà, fóònù yóò wá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tí ó dára nìyí fún àwọn abúlé tí ó jìnnà sí ojú ọ̀nà ńlá.

Àwòrán egbò lè ṣáájú aláìsàn dé

Ẹ jẹ́ kí a wo àìsàn kan tí agbègbè wa mọ̀ dáadáa. Ọgbẹ́ Buruli ni. Orúkọ agbègbè kan ní orílẹ̀-èdè Uganda ni wọ́n fi pè é. Àìsàn yìí a máa mú àwọn ọmọdé púpọ̀, pàápàá ní àwọn ibi tí odò àti àbàtà wà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí kókó kékeré lábẹ́ awọ ara. Kókó náà kì í sábà dunni. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nítorí pé kò dunni, àwọn òbí a máa fi falẹ̀. Nígbà tí ó bá ya, tí ó di egbò ńlá, ó lè sọ apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ di aláìlágbára títí ayé.

Bẹ́ẹ̀, a lè wò ó sàn. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn méjì tí a ó lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ní Pobẹ̀, ilé ìtọ́jú kan wà fún ọgbẹ́ Buruli, tí Fondation Raoul Follereau ń ṣe ìrànwọ́ fún. Ìṣòro ibẹ̀ ni bí aláìsàn yóò ṣe tètè débẹ̀.

Fóònù lè ṣe ìrànwọ́ níhìn-ín. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní OMS, ti ṣe áàpù kan nípa àwọn àrùn awọ ara. Àwòrán àti àlàyé wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ sí. Òṣìṣẹ́ ìlera lè fi ohun tí ó rí lára ọmọ wé ohun tí ó wà nínú áàpù náà. Ó tún lè ya àwòrán ibi tí ó wú, bí òbí bá gbà á láàyè, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó mọ̀ jù ú lọ. Báyìí, àwòrán yóò ti dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ kí ọmọ náà tó gun alùpùpù kúrò lábúlé.

Àwòrán kì í wo ọgbẹ́ sàn o. Síbẹ̀, ó lè sọ fún òbí pé, “Má dúró di ọjọ́ ọjà. Gbé ọmọ yìí lọ lónìí.”

Ìdòwú kan, ènìyàn mẹ́ta

A ti sọ pé ohun tí a bá fi sínú ẹ̀rọ nìkan ni ó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó ṣe kókó jù lọ nínú ohun tí a ń fi sínú rẹ̀. Orúkọ ni.

Gbogbo wa mọ orúkọ náà Ìdòwú. Ọmọ tí a bí tẹ̀lé ìbejì ni. Ní orílẹ̀-èdè wa, ọ̀nà tí a ń gbà kọ èdè Faransé ni àwọn akọ̀wé fi ń kọ orúkọ wa. Akọ̀wé kan lè kọ ọ́ ní Idohou. Ẹlòmíràn lè kọ ọ́ ní Idowou. Ẹni kẹta lè kọ ọ́ ní Idowu. Bákan náà ni Òjò ṣe ń di Odjo. Etí wa mọ̀ pé orúkọ kan náà ni. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Lójú ẹ̀rọ, ènìyàn mẹ́ta ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó lóyún. Ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n rí irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ní. Wọ́n tún rí i pé oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kò gbà. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ lábẹ́ orúkọ náà Idohou. Ní òru ọjọ́ kan, ìrọbí mú un. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn mìíràn. Kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó gbé e wá pe orúkọ rẹ̀, akọ̀wé sì tẹ Idowu. Ẹ̀rọ dáhùn pé òun kò mọ ẹni náà. Àkọsílẹ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí là wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tó o. Lẹ́tà méjì péré ni ó dí ọ̀nà.

Ọjọ́ ìbí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a bí sí oko tàbí sílé, tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Nínú ìwé wa, a máa ń rí ọ̀rọ̀ Faransé náà “vers”, tí ó túmọ̀ sí “ní nǹkan bí ọdún báyìí”. Bí ìwé kan bá sọ 1975, tí èkejì sọ 1978, ẹ̀rọ lè tún pín ẹni kan ṣoṣo sí méjì.

Nítorí irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni orílẹ̀-èdè wa ṣe ń fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ní ọdún 2017 ni ètò ìkànìyàn tí a ń pè ní RAVIP bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán wa, wọ́n sì gba ìtẹ̀ka wa. Àjọ ANIP ni ó ń ṣe àmójútó rẹ̀. Nọ́ńbà tí ó fún ẹnì kan kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń jẹ́ Ìdòwú ní Odòmẹ́ta, nọ́ńbà wọn kò lè jọra.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà ń wá ojútùú. Dókítà Vèna Arielle Ahouansou, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ni ó dá ilé-iṣẹ́ KEA Medicals sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ń lo àmì kékeré kan tí fóònù lè kà. Aláìsàn lè wọ àmì náà sí ọrùn ọwọ́. Bí dókítà bá fi fóònù wò ó, yóò rí ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ nípa ìlera ẹni náà. Àwọn baba wa ì bá tètè lóye èyí, nítorí pé wọ́n mọ àrokò. Ẹni tí ó gbé àrokò dání lè má mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí ni ó ń túmọ̀ rẹ̀.

Ta ni ó ń ka iṣẹ́ tí a rán sí yín?

Iṣẹ́ kẹta tí ẹ̀rọ ń ṣe ni jíjíṣẹ́. Ìwé kúkúrú orí fóònù, tí a ń pè ní SMS, lè rán aboyún létí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀. Ó lè rán ìyá létí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà. Ìgbà mẹ́rin ni ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á. Ó rọrùn láti gbàgbé ìgbà kẹrin, nítorí pé ọmọ náà yóò ti dàgbà, yóò sì ti máa sáré kiri.

Ṣé irú ìránnilétí bẹ́ẹ̀ wúlò? Àwọn onímọ̀ kan dán an wò ní orílẹ̀-èdè Kenya, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Àwọn tí ó ní kòkòrò àrùn sídà ni wọ́n bá ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì a máa fi SMS bi wọ́n ní èdè Swahili pé, “Mambo?” Ìyẹn ni pé, “Báwo ni nǹkan?” Aláìsàn a dáhùn pé dáadáa ni, tàbí pé ìṣòro wà. Bí ìṣòro bá wà, nọ́ọ̀sì a pè é. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ń gba SMS, àwọn 62 ni ó lo oògùn wọn bí ó ti tọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gbà á, 50 ni. Ìkíni lásán ni SMS náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé ẹnì kan ń rántí òun.

Ní ibí yìí ni a ti rí ìdí mìíràn tí kíkọ́ ìwé kíkà fi ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò lè kàwé yóò gbé fóònù rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, tàbí fún aládùúgbò, pé kí ó bá òun ka ohun tí ilé ìwòsàn sọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sídà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ oyún tí obìnrin náà kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ẹni tí ó ń bá wa kàwé ti di alábàápín nínú àṣírí wa. Nígbà tí ẹ bá lè ka SMS yín fúnra yín, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ni àṣírí yín.

Ẹyin lọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni ó ń fọ́. Bébà tí ó wà nínú àpótí ilé ìwòsàn kò lè rìn jìnnà. Ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà lè dé ibi púpọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, òfin gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ.

Orílẹ̀-èdè wa ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Òun ni òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code du numérique. Òfin yìí dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ara ẹni, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára rẹ̀. Àjọ kan tí ń jẹ́ APDP ni ó ń ṣọ́ bí a ṣe ń pa á mọ́. Gẹ́gẹ́ bí òfin, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a kọ nípa yín. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a tún un ṣe. Ẹni tí ó bá ní kí a tún orúkọ òun kọ kò yájú sí akọ̀wé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń béèrè.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe

Kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Ẹ̀rọ kò lè gbẹ̀bí. Kò lè fọ ọgbẹ́. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí kò sí agbára oòrùn tí yóò rọ́pò rẹ̀, kọ̀ǹpútà di àpótí lásán. Bí oògùn bá tán ní ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ lè sọ pé ó ti tán, ṣùgbọ́n kò lè fi omi lásán ṣe oògùn. Ilẹ̀ Kétu ni ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí a ti ń fi ijó àti orin bọlá fún àwọn ìyá. A mọ̀ níbí pé obìnrin tí ó ń rọbí nílò ọwọ́ ènìyàn àti ohùn ènìyàn.

Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí tí ó gbọ́n jù lọ pàápàá kò lè rántí irú ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo obìnrin kọ́múnù Kétu ní. Ẹ̀rọ lè rántí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ àti ènìyàn ṣe nílò ara wọn.

Kí ni kí a ṣe?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun márùn-ún ni a rọ̀ yín pé kí ẹ ṣe.

Èkíní, ẹ yan ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ ó máa gbà kọ orúkọ yín, èyí tí ó wà nínú ìwé ìbí tàbí káàdì ìdánimọ̀ yín. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ láìwo ìwé.

Èkejì, nígbàkígbà tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ. Bí ó bá ṣì, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ju ìwé ìlera nù nítorí pé ẹ̀rọ dé. Ẹ pa á mọ́. Ẹ sì kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá yí nọ́ńbà fóònù yín padà, ẹ sọ fún ilé ìwòsàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ni yóò máa gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí yín.

Ìkarùn-ún, ẹ má gba gbogbo ohun tí ẹ bá rí lórí fóònù gbọ́. Ẹnikẹ́ni lè gbé ìròyìn oògùn tí ń wo gbogbo àìsàn sórí WhatsApp. Kí ẹ tó lò ó, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú ìlera. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé orúkọ yín ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ yín láti kọ. Bóyá ẹnì kan rẹ́rìn-ín sí yín nígbà náà, tí ó ní kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi ṣe. Nígbà mìíràn tí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sún mọ́ tábìlì akọ̀wé, kí ẹ sì ka orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí dé òpin.